Etí Òsì

Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún ni wọ́n pè é ní Tákié,
tuntun, nínú páálí, ọ̀rá ṣì ń dán lára rẹ̀.
Ọmọbìnrin tó ń tà á kò gbójú kúrò lára fóònù.
Mo ní, "Ìdajì owó oṣù mi nìyẹn."
Ó ní, "Bàbá, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á."
Òótọ́ ni. Àmọ́ ta ló sọ pé ọbẹ̀ ni mò ń wá?
Ohun tí etí máa rí jẹ lóru ni mò ń wá.

Kajú ni mò ń ṣọ́, ní ọ̀nà Ìlọrin.
Àpò kajú kì í sọ̀rọ̀.
Tọ́ọ̀ṣì kan, kùmọ̀ kan, àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú.
Fóònù ńkọ́? Bó bá kọrin wákàtí kan, ó ti kú,
bí olè bá wá dé, kí ni n ó fi pe ọ̀gá?

Mo dé Sábó. Mo dé Arówómọlẹ̀.
Akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ ta tirẹ̀ kó lè fi san owó ilé,
ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá péré, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń sá.
Mo bèèrè rìsíìtì. Ó ní ó wà lọ́dọ̀ ìyá òun.
Ìyá rẹ̀ dà? Ó wà ní Ṣakí.
Mo ní kó bá mi kí wọn.

Tíámíyù ni mo bá kẹ́yìn, lẹ́bàá ilé epo tí kò ta epo mọ́.
Ìfun ẹ̀rọ kún orí tábìlì rẹ̀,
wáyà bí irun àgbàdo, ìdè bíńtín-bíńtín bí èèrà.
Kò polówó. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbá eruku.
"Tòkunbọ̀ ni," ó ní, "mo ti pààrọ̀ bátìrì rẹ̀.
Bọ́tìnì yìí le. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.
Íápíìsì rẹ̀, etí òsì nìkan ló ń sọ̀rọ̀."
Ẹni tó ka àléébù ọjà rẹ̀ fún mi kí n tó bèèrè,
tirẹ̀ ni mo máa rà.

Ó ní méje. Mo ní mẹ́rin.
Ó rẹ́rìn-ín, ó dá a padà sínú agolo mílíìkì.
Mo dìde.
Mo tún jókòó.
Márùn-ún àbọ̀ la parí ẹ̀ sí.
Etí òsì kan ṣoṣo? Fún olùṣọ́, ó pé bẹ́ẹ̀:
òsì ń gbọ́ orin, ọ̀tún ń gbọ́ olè.

Lóru ọjọ́ kìn-ín-ní, àkùkọ kọ.
Mo ti ń ká àga kí n tó wo aago:
aago méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá.
Inú ẹ̀rọ ni àkùkọ náà wà,
lẹ́yìn ọkùnrin kan tó ń ka nǹkan fún ọmọdé
ní èdè tí n kò gbọ́ rí.
Oókan, eéjì, ẹẹ́ta ni, mo mọ̀ ọ́n láti inú ohùn wọn.
Bí wọ́n bá dé ìkeje, ọmọ náà á dákẹ́,
bàbá á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá Tíámíyù.
Ó gbá orí mú: "Ẹ jọ̀ọ́, mo gbàgbé láti pa á rẹ́ ni.
Ẹ mú un wá, ogójì orin á gba ibẹ̀. N kò ní gba kọ́bọ̀."
Ọ̀fẹ́ nìyẹn o, èmi tí mo ti rin ìlú já nítorí ọ̀pọ̀.
Mo ti ẹ̀rọ náà bọ àpò.

Mo ti ń bá wọn kà á báyìí, lábẹ́ èémí,
n kò mọ orúkọ oókan, n kò mọ orúkọ eéjì.
Àwọn àpò kajú jókòó tì mí.
Ibi ìkeje ni èmi náà ti ń dákẹ́.